Ẹ gbọ́ àwo náà kí ẹ tó wé e

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní àwo orin tí ẹ rà ní London fún ọjọ́ìbí 70 ọdún ìyá yín, ohùn rẹ̀ ń mì ní ojú kejì, ẹni tó tà á sì ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìyá yín ló bàjẹ́. Ẹ má tíì gbà fún un. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì dùn mí wọra.

London ni mo wà nígbà náà, bàbá mi wà ní Abẹ́òkúta. Yusuf Olátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá, ni olórin tiwọn. Olórin náà ti kú láti 1978, àmọ́ nínú ilé wa, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóde àríyá ni wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀. Àwọn àwo tí wọ́n kó jọ ti bá ìkólọkábọ̀ lọ. Nígbà tí mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lábùkù kankan, mo rà á lójú ẹsẹ̀. Mo wé e sínú bébà aláràbarà, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. N kò gbọ́ ọ rárá. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Wọ́n gbà á, wọ́n súre fún mi bí ẹni tó ra mọ́tò fún wọn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, mo jókòó tì wọ́n, wọ́n fi àwo náà sí i. Ojú kìíní lọ geere. Wọ́n yí i padà. Bí gòjé ṣe gbé ohùn báyìí, ohùn náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí ẹkún gbọ̀n. Gòjé kì í bo àbùkù, torí okùn tí wọ́n ń fi irun ẹṣin fà máa ń di ohùn kan mú pẹ́. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n rọra gbé abẹ́rẹ́ kúrò, wọ́n dá àwo padà sí ojú kìíní, wọ́n ní, “Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.” Ìgbà yẹn ló yé mi pé oṣù méjì gbáko ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi àwo mìíràn sórí ẹ̀rọ kan náà. Bí ìyẹn bá kọ dáadáa, abẹ́rẹ́ ò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tiyín sí i, kí ẹ tẹjú mọ́ apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání. Bó bá ń fò sókè sódò, àwo ló wọ́. Bó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yípo, orin ojú yẹn ni kò yí ihò àárín ká dọ́gba. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan lè bọ́ sí àárín gan-an kí èkejì yẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ “tọ̀” ní bí ìṣẹ́jú àáyá méjì síra, àwo ti họ nìyẹn, torí ìgbà 33 àti díẹ̀ ni àwo ńlá ń yípo ní ìṣẹ́jú kan.

Tèmi ń fì ni. Ẹni tó tà á ní ooru Nàìjíríà ló bà á jẹ́. Mo ní ooru lè wọ́ àwo, kò lè sún ihò. Mo fi fídíò apá náà ránṣẹ́ sí i.

Ẹ tètè ka ọjọ́ yín. Bó bá jẹ́ oníṣòwò lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin oníbàárà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, kí ẹ sì gba owó yín pé. Inú bébà aláràbarà ni 30 ọjọ́ tèmi parí sí. Lẹ́yìn 30 ọjọ́ náà, ẹ ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí oníṣòwò náà tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di oṣù mẹ́fà, òun ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé àbùkù náà ò sí níbẹ̀ nígbà tó tà á.

Ẹni tó ta tèmi kò ní òmíràn tó lè fi pààrọ̀, ó dá owó padà. Mo fi ra àwo kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì gbọ́ ojú méjèèjì dópin lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, bàbá mi pè mí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, gòjé ni mo ń gbọ́. Ojú kejì ni.