Má da ásíìdì táìlì sí ríìmù oníbàárà rẹ

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìfọkọ̀ sí Ìkéré, pé ríìmù ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ọṣẹ ò ràn án. Ọ̀gá kan wá sọ fún ọ pé kó o lọ ra ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì, kó o bu bílíìṣì lé e, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ó ní òun ti ń ṣe é tipẹ́, nǹkan kan ò ṣe òun rí, àti pé lójú ẹsẹ̀ ni ríìmù máa dán.

Nípa pé ó máa dán lójú ẹsẹ̀, kò purọ́ fún ọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Ọdún 13 rèé tí mo ti ń fọ ọkọ̀ ní Ajílósun, l'Ádó níbí, ojú ọ̀nà Ìkéré gan-an, níbi tí ọkọ̀ ti ń wọlé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa látòkè délẹ̀. Kẹ́míkà tó bá ta èèyàn lọ́wọ́ wàrà kò tíì ṣe wá ní jàǹbá ńlá rí, torí ẹni tó ta á sáré wá omi. Àwọn tí kì í ta èèyàn lójú ẹsẹ̀ ló ti ba nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà yẹn, ọmọ Ìjerò, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í ṣọ̀lẹ. Ọjọ́ Sátidé ni, ọkọ̀ ìyàwó mẹ́ta ló wà nílẹ̀, wọ́n sì ń kánjú. Ẹnì kan tó ń gbé kẹ́míkà kiri ti tà mí ní kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan lọ́sẹ̀ náà. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, ó kàn ń pè é ní ọṣẹ ríìmù. Bí a ṣe wọ́n ọn sí ríìmù, ó hó, ìdọ̀tí dúdú ń ṣàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn. Ọmọ náà ò wọ ìbọ̀wọ́, torí mi ò rà á fún un. Mo bi í pé ṣé kò ta á, ó ní rárá, ó dà bí omi lásán. Ó parí iṣẹ́, ó jẹun, ó lọ sùn.

Nǹkan bí aago méjì òru ni ìyá rẹ̀ pè mí. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ki ọwọ́ rẹ̀ bọ iná. Nígbà tí mo dé ilé wọn, mo tan iná fóònù sí ọwọ́ náà. Kò bó, kò lé ròrò, kò sí ẹ̀jẹ̀. Orí ìka mẹ́ta ló kàn funfun, bí ìgbà tí èèyàn fọṣọ pẹ́, abẹ́ èékánná sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fi epo pupa pa á, ó ti da àdí lé e, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́wọ́.

Ní ọsibítù, ohun kan ṣoṣo ni dókítà ń bi mí: kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn? Mi ò mọ̀. Mo pe ẹni tó tà á fún mi lóru náà, òun náà ò mọ̀, ó ní Èkó ni wọ́n ti ń gbé e wá. Bí ìka ṣe funfun àti bí ìrora ṣe pẹ́ kó tó dé ni dókítà fi dá a mọ̀. Ó gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù yí ìka rẹ̀ ká, wọ́n sì so ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀ láti máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ìka ò gé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èékánná kan ò hù dáadáa mọ́ títí dòní, ọmọ náà ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ló yẹ kí n ra ìbọ̀wọ́, èmi ló yẹ kí n béèrè ohun tí mò ń rà. Mi ò ṣe méjèèjì.

Ásíìdì ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, hydrofluoric acid ni wọ́n ń pè é. Ó lágbára dé ibi pé ó ń jẹ gíláàsì, òun ni wọ́n fi ń ya nǹkan sára gíláàsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi omi là á, kì í sábà jó awọ ara lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń yọ́ gba inú awọ kọjá, tó ń wọ inú ẹran lọ, tó ń gba kálísíọ̀mù tó bá rí lọ́nà. Kálísíọ̀mù yìí ló wà nínú egungun wa, òun náà ni ọkàn nílò láti lù bó ṣe yẹ. Ìrora rẹ̀ lè pẹ́ tó wákàtí 24 kó tó dé. Bó bá kan ibi tó fẹ̀ lára, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n máa kọ ammonium bifluoride sí lára, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: bó bá ti bọ́ sómi, iṣẹ́ tí èkíní ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ibikíbi tó o bá ti rí ọ̀rọ̀ fluoride lára ìgò ohun ìfọríìmù, gbé e padà fún ẹni tó ń tà á. Mi ò ní jẹ́ kó wọ ọgbà mi mọ́ láéláé.

Ásíìdì táìlì tí wọ́n ní kó o rà yàtọ̀ sí ìyẹn. Hydrochloric ló sábà máa ń jẹ́, òun a máa ta èèyàn, a sì máa rùn gan-an. Mo ti lò ó náà, kí n tó gbọ́n. Kámúrì dúdú kan ni, olówó rẹ̀ ń lọ òde ní Ìfàkì. Ríìmù náà dán lọ́jọ́ náà débi pé ó fún wa lówó lé e. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, kò kí mi. Ó kàn ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ríìmù ti di funfun bátabàta, bí ìgbà tí omi iyọ̀ bá gbẹ síbi kan. Fáníṣì orí rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Nọ́ọ̀tì tó de táyà àti ojú irin bíréèkì ti dógùn-ún pupa. Ríìmù aláwọ̀ fàdákà yìí, alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì lè dúró níwájú ásíìdì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo san. Èrè oṣù méjì ló bá a lọ.

Ti bílíìṣì tí wọ́n ní kó o bù lé e, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má dán an wò. Bí bílíìṣì bá ti pàdé ásíìdì, gáàsì chlorine ló ń jáde. Gáàsì yẹn ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń bá rìn. Wá rò ó: ẹni tó ń fọ ríìmù, ìbẹ̀rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, imú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí gáàsì ń gbà. Ọ̀gá tó dúró tí kò bẹ̀rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Èmi da méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan láti fi fọ ilẹ̀ yàrá tí mò ń kó ẹrù sí. Ojú mi ń ta, ọ̀nà ọ̀fun mi dí, mo sáré bọ́ síta. Mo rò pé ó ti tán. Ní òru ni ikọ́ tó dé, mi ò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ní wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tó ti fa gáàsì yẹn símú, nítorí náà ẹni tó bá fà á kí ó lọ sí ọsibítù bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ ti balẹ̀.

Kó o tó béèrè nípa ẹ́ńjìnnì: àwọn kan á ní kó o fi kọ́sítìkì fọ ọ́, àwọn kan á ní pẹtiróòlù. O mọ àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ. Wọ́n á da kọ́sítìkì sínú epo, epo náà á di ọṣẹ. Ohun tó ń fi epo ṣe náà ló ń fi ọ̀rá inú ara èèyàn ṣe. Nínú ojú, ó burú ju ọ̀pọ̀ ásíìdì lọ, torí kì í dúró lójú ibi tó bà sí, ṣe ló ń jẹ wọnú lọ. Ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní fi ṣe. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀, ooru rẹ̀ ń rá pálá nílẹ̀ lọ jìnnà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo wà, ìyá kan ń dín àkàrà, ẹnì kan ní jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíràn ń jó irin. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí pẹtiróòlù fọ nǹkan níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, fi náílọ́ọ̀nù bo ibi tí wáyà wà, má sì fi ẹ̀rọ afọnmi lé e lórí.

Jẹ́ ká wá padà sí ríìmù rẹ. Ohun pupa yẹn, irin ni. Bíréèkì ń họ irin bó ṣe ń mú, ẹ̀tù rẹ̀ ń ta sí ríìmù nígbà tó gbóná, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń dógùn-ún níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kì í fi í yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́míkà kan wà fún un tí kì í ṣe ásíìdì líle, wọ́n máa ń kọ iron remover sí i lára. Bí o bá fọ́n ọn, á di àwọ̀ àlùkò níbi tó bá ti rí irin, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Òórùn rẹ̀ ò dára, ó dà bíi ti páódà tí àwọn ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n. Ó wọ́n o, mi ò ní tàn ọ́. Èmi kì í lò ó fún gbogbo ọkọ̀, oníbàárà tó bá fẹ́ ẹ ló ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ríìmù gbọ́dọ̀ ti tutù, má jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn, fi omi púpọ̀ ṣan án. Ìbọ̀wọ́ ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ síbẹ̀síbẹ̀. Fún àwọn yòókù, ọṣẹ ọkọ̀, omi, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti sùúrù. Ríìmù tí a bá ń fọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í dé ibi tí tìrẹ dé yẹn. Ọ̀dà títì tó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà, kó o sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kíákíá.

Ìbọ̀wọ́ àti táwẹ̀lì ríìmù, má kó wọn pọ̀ mọ́ ti ara ọkọ̀. Ọ̀dà tó mọ́ gaara tó wà lókè pátápátá lára ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má nípọn ju ìdajì bébà ìwé kan lọ. Erùpẹ̀ pupa wa yìí ní yanrìn nínú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fi àkísà gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ lára ọkọ̀, ó ń fi yanrìn họ ọ́ ni. O ò ní rí i lọ́jọ́ náà. Dúró dìgbà tí oòrùn aago mẹ́rin bá tàn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú, wàá rí i bí òwú aláǹtakùn yípo yípo. Fi omi lé yanrìn lọ ná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kó o lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan fóòmù, fóòmù tó bá sì ti jábọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Òróró tó ń mú táyà dán, ẹ̀gbẹ́ táyà nìkan ni. Kò gbọdọ̀ kan ojú irin bíréèkì, kò sì gbọdọ̀ kan pẹ́dálì ẹsẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó jáde lọ́gbà ẹlòmíràn tí bíréèkì ò mú ní ìsàlẹ̀ òkè, Ọlọ́run ló yọ awakọ̀ náà.

Bí kẹ́míkà bá kan ẹnikẹ́ni lọ́gbà rẹ, bọ́ aṣọ tó kàn kúrò, kó o fi omi tó ń ṣàn ṣan ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kó o wo aago. Ojú náà, ogún ìṣẹ́jú. Má fi epo pupa pa á, má fi kọ́sítìkì pa ásíìdì. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, má jẹ́ kó bì, má fún un lépo mu. Gbé ìgò kẹ́míkà náà dání lọ sí ọsibítù, kí dókítà lè rí orúkọ rẹ̀ kà. Fún ìdí yìí, má bu kẹ́míkà sínú ike omi tàbí ike ohun mímu láéláé. Òùngbẹ máa ń gbẹ ọmọ iṣẹ́, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni kó tó mu ún.

O kọ ọ́ pé o ti san owó sílẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì ásíìdì kan. Lọ bá ẹni tó o sanwó fún, bẹ̀ ẹ́ kó fi ọṣẹ ọkọ̀ dípò rẹ̀. Bó bá kọ̀, fi owó náà sílẹ̀. Má gbé kẹ́ẹ̀gì náà wálé wá dà á sí gọ́tà, torí odò ni gọ́tà ń ṣàn sí. Bó o bá wọ Adó lọ́sẹ̀ yìí, yà sí Ajílósun kó o béèrè ibi ìfọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà. Mo ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì tó gùn dé ìgúnpá tí mi ò tíì tú, wàá mú wọn lọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ.