Èsì: Bẹ́ǹṣì sólà tó ń kú láago mẹ́jọ alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ǹṣì sólà (ìjókòó tó ń fi iná oòrùn ṣiṣẹ́) tẹ́ ẹ ní kì í cháàjì fóònù mọ́ tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ ní Forodhani, ọgbà etí òkun ní Zanzibar, ẹ má tíì ra páńẹ́lì tuntun o, bátìrì ni mo fura sí.

Tí oòrùn bá ti wọ̀, kẹ́nikẹ́ni tó ki fóònù bọ̀ ọ́, ẹ fi mítà tó ń ka fólìtì wo bátìrì náà. Tó bá jẹ́ bátìrì léèdì 12V, tó ka bíi fólìtì 12.6 (ìyẹn ni pé ó kún), tó sì tún kú láàárín wákàtí méjì, ó ti gbó nìyẹn. Inú àpótí irin lábẹ́ ìjókòó ni wọ́n sábà máa ń kó o sí, oòrùn á máa yan án látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ tí ooru bá fi 10 ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé bátìrì léèdì á já sí bí ìdajì. LiFePO4 (irú bátìrì lítíọ́mù kan) ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀, àmọ́ ẹ yí sẹ́tìǹgì controller, ẹ̀rọ tó ń darí bí páńẹ́lì ṣe ń cháàjì bátìrì, padà o!

Tí bátìrì ò bá wá tó fólìtì 12 nírọ̀lẹ́, iná ò wọlé dáadáa nìyẹn:

1. Tí páńẹ́lì bá wà lórí ìjókòó gan-an, ìdí èèyàn kan ti tó láti bò ó (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ẹ gbé e sókè, kó dà gẹ̀rẹ̀ bíi 10° sí àríwá, òjò á máa fọ̀ ọ́.

2. Ẹ tú ojú wáyà wò. Tí bàbà bá ti láwọ̀ ewé, iyọ̀ òkun ni. Nọ́ọ̀tì 316 ni kẹ́ ẹ lò, 304 máa dípẹtà níbẹ̀ yẹn (irú irin stainless méjì ni wọ́n).

Wi-Fi inú bẹ́ǹṣì náà ń jẹná tọ̀sán-tòru, ẹ fi táímà sí i.