Ṣé Ọ̀pá Epo Lè Ṣí Ẹnubodè Malanville?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Pàràkú ní Benin ni mo ti ń ta aṣọ àti àwo, mo sì ní oníbàárà ní Niamey. Látìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ní Niger ni ọ̀nà Malanville, ẹnubodè tí Benin ti bá Niger pààlà, ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnìkan wá ní kí n san owó ẹrù ọkọ̀ àjàgbé kan sílẹ̀. Ó ní níwọ̀n bí epo Niger ti ń gba Benin dé òkun, tí Nàìjíríà sì lè pa iná mọ́ wọn nígbà tó bá wù ú, dandan ni kí wọ́n ṣí ẹnubodè. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san án, ẹ̀gbọ́n mi.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú, nítorí owó oníṣòwò ni wọ́n ń fi àlàyé yìí gbà. Ohun tí wọ́n ń tà fún yín ni pé ẹni tó bá di ẹnu ọ̀pá mú ni yóò máa pàṣẹ fún ẹnìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti iná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Tiani gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Bazoum, Nàìjíríà gé iná tó ń fún Niger, gẹ́gẹ́ bí ara ìjìyà tí àjọ ECOWAS fi jẹ Niger kí wọ́n lè dá Bazoum padà sípò. Nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Ìyà jẹ ará ìlú gan-an. Àmọ́ nígbà tí ECOWAS yọ ọ̀pọ̀ ìjìyà náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, inú àhámọ́ ni Bazoum ṣì wà. Niger ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo iná oòrùn Gorou Banda lẹ́bàá Niamey, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2025, ó kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ẹ má sì gbàgbé pé àdéhùn àtijọ́ ni iná yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ wa ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀: a ó máa fún wọn níná, kí wọ́n má baà dí odò Ọya tó ń ṣàn wá sí Kainji, níbi tí àwa náà ti ń fi omi pèsè iná. Ẹni tó ń ta iná náà ní ohun tó ń bẹ̀rù.

Ti epo ló wá kàn yín jù. Ọ̀pá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà, láti Agadem tí wọ́n ti ń wa epo ní Niger dé Sèmè-Kpodji létí òkun ní Benin, CNPC ilé iṣẹ́ epo ìjọba Ṣáínà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Talon, tó jẹ́ ààrẹ Benin nígbà náà, ní kò sí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé epo Niger láìjẹ́ pé Niger ṣí ẹnubodè. Àṣẹ tí ẹni yẹn ń sọ pé yóò ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣáínà dá sí i, ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé epo lóṣù yẹn kan náà, Niger ò sì ṣí ẹnubodè. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Benin mú àwọn ọmọ Niger kan ní Sèmè, ni Niger bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti epo tirẹ̀ pa. Oṣù kẹjọ ló tó tún máa ṣàn. Ṣáínà ti yá Niger ní irínwó mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kẹrin, epo ni wọ́n sì máa fi san án. Lójú tèmi, gbèsè yẹn ló mú epo padà ṣàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, epo ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀, afárá Malanville sí Gaya ní Niger wà ní títì lókè, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké sì ń kó èèyàn àti ẹrù sọdá odò. Méjèèjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ààbò ni Niger sọ pé òun torí ẹ̀ ti ẹnubodè: ó ní àwọn ọmọ ogun Faransé wà ní Benin tí wọ́n ń dá àwọn agbésùnmọ̀mí lẹ́kọ̀ọ́ láti kọlu òun. Benin ní irọ́ ni. Ìjọba tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n fẹ́ lé òun kúrò lórí àlééfà kò ní tìtorí owó epo ṣílẹ̀kùn.

Lomé, èbúté Togo, ló jèrè. Ọkọ̀ àjàgbé ń gba Togo àti Burkina Faso lọ sí Niamey, tàwọn ti ṣọ́jà tó ń sìn wọ́n nítorí ewu ojú ọ̀nà. Oníbàárà tó bá sì ti mọ ọ̀nà yẹn kì í yára padà. Bákan náà ni Gáánà ṣe nígbà tí gbèsè mú kí gáàsì Nàìjíríà tó ń gba Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ sọ́dọ̀ wọn dín kù: wọ́n yíjú sí gáàsì abẹ́ òkun tiwọn.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì rí ìwé tí ẹni yẹn gbé fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè lè yí padà lóòjọ́, nítorí náà ẹ bi àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Malanville àti onímọ́tò yín lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù gan-an, kí ẹ sì fi ìwé àdéhùn han agbẹjọ́rò. Owó sẹ́fà kan náà ni ẹ̀yin àti Niamey ń ná, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro yín. Ìṣòro yín ni ta ni yóò ru àdánù bí ẹrù bá há sójú ọ̀nà. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà, kí ẹ sì máa san owó díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá ṣe ń dé. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi owó yín ra ọjà tí ẹ máa tà ní Pàràkú àti Kandi.