Bákítéríà inú ẹ̀fọn tí oògùn ò ràn mọ́

Àbúrò, o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ másítà rẹ wá bákítéríà tó ń gba ẹ̀fọn lọ́wọ́ oògùn apẹ̀fọn. O ní wàá kó tanwíjí láti àwọn gọ́tà Ìbàdàn, wàá tọ́ wọn dàgbà, wàá ko wọ́n lójú oògùn, wàá sì fi bákítéríà inú èyí tó yè wé ti inú èyí tó kú. O bi wá bóyá ó tó iṣẹ́. Ó tó o. Ọ̀dọ̀ àwọn òkú yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Nínú ìlànà túùbù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, wákàtí kan ni abo ẹ̀fọn bíi 25 ń lò pẹ̀lú bébà oògùn, ká ní deltamethrin 0.05%. A ó kó wọn sí túùbù mìíràn, a ó fún wọn lómi ṣúgà, ó di lẹ́yìn wákàtí 24 ká tó ka òkú. Bí òkú ò bá tó 90%, oògùn ò ràn wọ́n mọ́ nìyẹn. Ìlànà yìí dára fún kíkà òkú. Fún ẹni tó ń wá bákítéríà, jàǹbá ni. Ẹ̀fọn tó ti ṣubú láti àná, nínú yàrá tó móoru tó sì lọ́rinrin, ti ń jẹrà kó o tó mú un. Bákítéríà Serratia díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń fò á ti di púpọ̀ rẹpẹtẹ. Ìjẹrà lò ń wọ̀n yẹn. Mo wà níjókòó lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò láti ìta fi ìbéèrè kan ṣoṣo dá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan padà sí láàbù: "Aago mélòó lẹ gbé àwọn òkú wọ̀nyí wọ fíríísà?"

Ohun tí àwa ń ṣe báyìí ni pé à ń lo igò 250 ml tí a fi oògùn kùn nínú, ìlànà CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà. Fún pyrethroid, ìdílé oògùn tí deltamethrin wà, ìṣẹ́jú 30 ni. Mo ń jókòó ti igò náà ni. Èyí tó bá ṣubú, mo fi aspirator, ọ̀pá tá a fi ń fa ẹ̀fọn, fà á jáde, ó di inú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń fò ní ìṣẹ́jú 30, inú yìnyín náà ni. Ṣíṣubú kì í ṣe kíkú, mo mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ, má pè é ní òkú.

Má sì fi ẹ̀fọn Ìbàdàn wé ẹ̀yà Kisumu, ẹ̀fọn tí oògùn ṣì ń pa, tí ọ̀pọ̀ láàbù ń sìn. Kisumu wúlò láti fi mọ̀ bóyá oògùn inú igò rẹ ṣì múná, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi láàbù ni wọ́n fi tọ́ ọ látìran dé ìran. Dandan ni kí bákítéríà rẹ̀ yàtọ̀, oògùn ìbáà wà tàbí kó má sí. Láti inú abọ́ tanwíjí kan náà ni kí tó yè àti tó ṣubú ti jáde.

Ẹ̀fọn kéré, bákítéríà inú rẹ̀ ò pọ̀, àwọn kẹ́míkà tá a fi ń yọ DNA tá a fi ń dá bákítéríà mọ̀ sì ní DNA bákítéríà tiwọn. Torí náà, túùbù kan tí kò sí ẹ̀fọn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn tó kù rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fi ethanol 70% fọ ara ẹ̀fọn, fi omi mímọ́ ṣàn án, kó o wá da omi ìkẹyìn sórí agar, oúnjẹ tí bákítéríà ń hù lórí rẹ̀. Bí nǹkan bá hù, tún un fọ̀. Òwú ṣúgà ńkọ́? Pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́; bákítéríà Asaia fẹ́ràn ṣúgà ju ọmọdé lọ.

Kó o tó nawọ́ sí bákítéríà, wo àwọn afurasí àtijọ́ ná. Kdr, àyípadà inú àbùdá ẹ̀fọn, pàápàá èyí tó ń jẹ́ L1014F, ń yí ibi tí oògùn ti ń di iṣan ẹ̀fọn mú padà. P450 jẹ́ ensáìmù tí ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ fi ń tú oògùn palẹ̀. Fi PBO, kẹ́míkà tó ń dí P450 lọ́wọ́, ṣáájú oògùn. Bí ikú bá padà dé, P450 ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Àwọn tó fún ọ nírètí wà lóòótọ́. Ní 2018, Nsa Dada àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí Anopheles albimanus ilẹ̀ Peru: bákítéríà àti ensáìmù tó lè tú irú oògùn bíi fenitrothion palẹ̀ pọ̀ jù nínú èyí tí fenitrothion ò ràn. Ìbárìn lásán nìyẹn, kò fi hàn pé bákítéríà ló fà á. Ní Japan, ní 2012, wọ́n lọ síwájú sí i: wọ́n fún kòkòrò kan tó ń jẹ ẹ̀wà lóko ní bákítéríà Burkholderia tó ń jẹ fenitrothion, kòkòrò náà sì yè níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ni kó o dorí kọ. Fi antibiotic sínú ṣúgà ẹ̀fọn láti pa bákítéríà inú wọn, tún wọn dán wò, kó o wá dá bákítéríà náà padà fún wọn. Antibiotic fúnra rẹ̀ lè rẹ ẹ̀fọn, nítorí náà ìdápadà yẹn ni ẹ̀rí, kì í ṣe yíyọ.

Bó o bá fẹ́ fi hàn pé bákítéríà ń jẹ deltamethrin nínú agar, jẹ́ kí acetone tó o fi pò ó gbẹ tán pátápátá. Àwọn kan ń jẹ acetone, wàá sì máa pariwo pé oògùn ni wọ́n ń jẹ. Ṣe àwo kan tó jẹ́ acetone nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Má tíì san owó sequencing, ìyẹn kíka DNA. Ṣe igò àkọ́kọ́ àti túùbù òfìfo ná, kó o fi àwòrán gel tó ń fi DNA hàn ṣọwọ́ síbí ká jọ wò ó.