Ẹ má tíì wó balùwẹ̀ yín, Màmá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Omi bóòhòlù la ń lò, pọ́ǹpù ń fà á sínú tàǹkì orí òpó. Nígbà tí àwọn ọmọ mi wálé ṣe Iléyá, tí wọ́n dúró wo Ojúde Ọba, ilé kún, pọ́ǹpù ò sinmi. Èyí tó ń gbé ní Jámánì wá sọ pé balùwẹ̀ mi ń fi omi àti iná ṣòfò, ó sì ń ba àyíká jẹ́. Ó ní kí n wó gbogbo rẹ̀, kí n ra tuntun. Bẹ́ẹ̀, balùwẹ̀ náà ò fọ́ níbì kankan. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi ń jẹun. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Kí ni kí n fi sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ilé, ẹ kú àlejò ọdún. Ẹ má tíì wó nǹkan kan.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò sán, táìsì tí kò ṣí, bí ẹ bá kó wọn lọ dà sí ààtàn tí ẹ sì ra òmíràn, ẹ̀yin gan-an lẹ ba àyíká jẹ́ kí ẹ tó fi omi kọ́ọ̀bù kan pamọ́. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ balùwẹ̀ ní agbègbè Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì, mọ ohun tí ojú òkúta ẹfun ń rí kó tó di sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á wà á nínú ilẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná ju 1,400 dígíríì lọ. Iná kan náà ni wọ́n fi ń sun táìsì àti àwo, bí tiwọn ò tilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tó ṣì dára, ẹ jẹ́ ká lò ó gbó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun nìkan ló máa ná yín. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá ti sùn, ẹ ṣí ọmọrí tàǹkì kékeré tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ po búlúù náà mọ́ omi inú rẹ̀, ẹ dé e padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí ẹ bá jí tí ẹ rí àwọ̀ búlúù nínú àwo, rọ́bà tó dí ìsàlẹ̀ tàǹkì yẹn ti jẹ. Omi ń yọ́ lọ tọ̀sán tòru. Bí kò bá sí búlúù nílé, omi sóbò á ṣe é.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé irú ìjò bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Mo dé ilé kan ní Ìperu rí tí wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, tí wọ́n ti bá ẹni tó gbẹ́ bóòhòlù jà, tí wọ́n ní omi ilẹ̀ ń gbẹ. Omi ilẹ̀ ò gbẹ. Rọ́bà méjì ló jẹ, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo omi tí pọ́ǹpù ń fà sókè ló ń gba inú àwo padà sínú sọ́kàwéè, iná ìjọba àti bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ sì ń bá a lọ. Ẹ wo bọ́ọ̀lù inú tàǹkì náà pẹ̀lú: bí omi bá ń gun òkè títí tó fi ń ṣàn wọ inú páìpù tó dúró láàárín, bọ́ọ̀lù yẹn ti ga jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ yẹ ẹnu ẹ̀rọ wò. Èyí tó bá ń kán tó, tó, tó, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, á kán nígbà 86,400 láàárín ọjọ́ kan. Nǹkan bí ìkán 4,000 ló ń kún lítà kan, èyí tó jẹ́ pé ó ju 20 lítà lọ lójúmọ́. Garawa kan gbáko nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò fi wẹ̀, tí wọn ò fi se ẹ̀bà. Wọ́ṣà rọ́bà tó tóbi tó bọ́tìnnì aṣọ ló ń wo irú rẹ̀ sàn.

Tàǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ máa ń da lítà 9 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òmíràn á tó 13. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní kì í sábà ju 6 lọ, oníbọ́tìnnì méjì sì wà tó ń da 3 sílẹ̀ fún ìtọ̀, 6 fún ìgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1992 ló ní kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí lítà 6 lọ. Tí tiyín bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ pọn omi kún ike omi oní-lítà 1.5, ẹ dé e pinpin, ẹ rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ inú tàǹkì náà níbi tí kò ti ní di bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Lítà kan àtààbọ̀ lẹ máa fi pamọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó má jẹ́ bíríkì. Bíríkì á máa rọ́, yanrìn rẹ̀ á há sábẹ́ rọ́bà, ìjò á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì di pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń tẹ̀ ẹ́ kí àwo tó mọ́, ẹ yọ ike náà kúrò, kò bá tàǹkì yín mu.

Ní ti ìwẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ yín pé garawa àti kọ́ọ̀bù Màmá ló ṣẹ́gun. Ṣáwà tí kò ní ohun tó ń dín omi rẹ̀ kù lè da lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan péré. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8 ti fi 120 lítà wẹ̀. Garawa kan ni tiyín, lítà 15 sí 20, ara á sì mọ́ tónítóní. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín lórí èyí. Tí ẹ bá fẹ́ ṣáwà fún àlejò, ẹ wá orí ṣáwà tí kì í da ju lítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè fi garawa àti aago wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Iná wá ń kọ́? Omi gbígbóná ló ń jẹ ẹ́ jù lọ nínú balùwẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò sì mọ̀. Hítà oní-lítà 50 tó mú omi láti 27 dígíríì dé 60 á jẹ tó yúníìtì méjì lórí mítà. Kí pọ́ǹpù sì gbé 1,000 lítà gòkè láti inú kànga tí omi rẹ̀ wà ní 30 mítà, kì í sábà jẹ tó ìdajì yúníìtì kan. Ẹ ò rí i pé pọ́ǹpù tí gbogbo ilé ń bú kọ́ ni olè àgbà. Nítorí náà, ẹ má fi hítà sílẹ̀ ní títàn láti àárọ̀ dalẹ́. Omi ìwẹ̀ ẹnì kan, lítà 15 láti 27 dé 40 dígíríì, kò tó ìdámẹ́rin yúníìtì. Ẹ fi kẹ́tù se omi díẹ̀, kí ẹ dà á mọ́ omi tútù inú garawa. Ó sì wà lọ́wọ́ yín láti wẹ̀ nírọ̀lẹ́: tàǹkì dúdú tí oòrùn ti ń nà láti àárọ̀ á ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà á yàtọ̀.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí, Màmá, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Ilẹ̀ kan náà tí à ń fa omi mu ni à ń da ìdọ̀tí sí. Àwọn tó ń to ìlànà ìmọ́tótó sọ pé kí sọ́kàwéè tàbí ṣaláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju ojú omi ilẹ̀ lọ tó mítà kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì wa, 60 ẹsẹ̀ sí 120 ẹsẹ̀, kò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 36 lọ. Bí tiyín bá tilẹ̀ jìnnà dáadáa, ti aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri, ní mítà mẹ́fà sí bóòhòlù yín. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wọ̀n ti ẹ̀yìn ògiri náà. Bí ó bá sún mọ́ra, ẹ mú omi yín lọ sí láàbù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì máa se èyí tí ẹ máa mu.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ àwọn oníbàárà mi nípa Izal àti bílíìṣì. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò rí ló ń jẹ ìgbẹ́ inú tàǹkì abẹ́ ilẹ̀ títí á fi rọ̀. Tí ẹ bá ń da oògùn olóró sí i ní gbogbo òwúrọ̀, ẹ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ yín, tàǹkì á tètè kún, ohun tí kò tíì rọ̀ á sì máa ṣàn wọ ilẹ̀. Ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ líle á fọ àwo ọjọ́ dé ọjọ́. Bí omi yín bá ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ lára kẹ́tù àti ihò ṣáwà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ á yọ ọ́. Àmọ́ láéláé, kí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíkan èyíkéyìí má pàdé bílíìṣì. Èéfín olóró ni wọ́n ń bí, ó sì lè dá èémí ènìyàn dúró nínú balùwẹ̀ tó há. Páádì, páńpáàsì àti aṣọ ìnudí onípépà tútù yẹn, agbọ̀n tó ní ọmọrí ni kí wọ́n máa lọ. Wọn kì í rọ̀.

Omi ìwẹ̀, ní tirẹ̀, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú sọ́kàwéè. Lẹ́yìn balùwẹ̀ ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ló wà níbẹ̀, omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ló ń bọ́ wọn, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ò sì ṣeé gbá mọ́ra. Àwa la dé pẹ̀lú páìpù, tí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún pùlọ́ḿbà láti ya páìpù ìwẹ̀ sọ́tọ̀ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ìgbà òjò tí ilẹ̀ ti mu omi yó, sọ́kàwéè yín á lè mí. Kí omi náà má dá rogún, torí ẹ̀fọn. Kí bílíìṣì má sí nínú rẹ̀, kí ẹ má sì fi rin ewébẹ̀.

Ẹ máa gbe omi òjò pẹ̀lú. Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin, bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí rẹ̀, nǹkan bí 1,000 lítà nìyẹn, ká tó yọ èyí tó ta dànù. Ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú dúrọ́ọ̀mù. Fún ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilẹ̀ fífọ̀, ó ti tó.

Ọṣẹ dúdú eérú èèpo kòkó àti kàn-ìn-kàn-ìn tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré dára ju kàn-ìn-kàn-ìn onírọ́bà lọ, torí ti onírọ́bà ń já wẹ́wẹ́ sínú omi, kì í sì í jẹrà. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi.

Bí ọmọ yín bá ní òun gbọ́dọ̀ náwó, ẹ ní kó sanwó páìpù ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gọ́tà òrùlé. Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kankan, ẹ da búlúù sí tàǹkì lálẹ́ òní. Tí ó bá yọ nínú àwo, ẹ ya fọ́tò inú tàǹkì náà ránṣẹ́ sí mi kí n sọ irú rọ́bà tí ẹ máa ní kí wọ́n rà, torí oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, wọn kì í sì í bára wọn mu.