Àlejò ìgbéyàwó ń bọ̀ l'Ákùúrẹ́, ibo ni kí wọ́n lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó l'Ákùúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àna wa ti máa dé láti Èkó lọ́jọ́ Tọ́sìdeé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, ibo ni kí n ní kí wọ́n lọ? – Ìyá Ìyàwó

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o Mà, ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mọ ẹní. Òkè Ìdànrè ni o, kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè jáde láàárọ̀ Fráìdeè kóòrùn tó mú, torí àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kí wọ́n wọ kánfáàsì kí wọ́n sì mú omi dání, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé bàtà gogoro lọ ṣòkè yẹn ẹ jọ̀ọ́. Ìlú gidi ló wà lókè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tòun tàwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ó máa ń wú mi lórí gan-an.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó lọ Ọjà Ọba, ìtòsí ààfin Déjì ló wà.

Tí àwọn tó gun òkè bá sọ̀ kalẹ̀, iyán ni o! Kí wọ́n wá búkà tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró odó láti ìta, iyán tó ń rú èéfín, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ẹmu, kó tètè mu ún, tàárọ̀ ló dùn, tó bá dìrọ̀lẹ́ ó ti kan, ó sì ń pani.