Èsì fún Ìyá Ayọ̀: ọmọ tó fẹ́ máa ya àwòrán géèmù

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú àjò o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní Ayọ̀ tó fẹ́ wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀ ti ní òun ò ṣe iṣẹ́ apòògùn mọ́, àwòrán inú géèmù lòun fẹ́ máa yà jẹun. Ẹ ní bàbá rẹ̀ ti búra pé òun ò ní fi owó òun rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ eré, ẹ̀yin nìkan lẹ wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ bèèrè bóyá iṣẹ́ tó lè bọ́ èèyàn ni. Ọmọbìnrin mi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Iṣẹ́ gidi ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ewé, bàtà, ògiri tàbí irun orí kan nínú géèmù tí kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ṣe é. Ẹnì kan á kọ́kọ́ ya bí nǹkan ṣe máa rí, òun ni wọ́n ń pè ní concept artist. Ẹlòmíì á gbẹ́ ẹ ní 3D. Ẹlòmíì á fi àwọ̀ sí i, kí irin jọ irin, kí awọ jọ awọ. Ẹlòmíì á to eegun sí i nínú. Animator á wá mú un rìn. Àwọn technical artist tún wà, tí wọ́n gbọ́ ti ayàwòrán, tí wọ́n sì gbọ́ ti àwọn tó ń kọ prógíráàmù. Tí orí Ayọ̀ bá gba ìṣirò, ẹ jẹ́ kó wo apá ibẹ̀ dáadáa, torí irú wọn ò pọ̀.

Ẹ sì bá mi sọ fún bàbá Ayọ̀ pé Shigeru Miyamoto tó dá Mario sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ló lọ ní Japan. Bàbá rẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan mú un dé iwájú ọ̀gá Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ó sì wọṣẹ́ níbẹ̀ ní 1977. Ní 1981, géèmù Donkey Kong tó ṣe jáde, inú rẹ̀ ni Mario ti kọ́kọ́ yọjú. Bàbá náà ló bá a wá ọ̀nà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, òun gan-an ló jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Ọmọ mi wà nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ńlá. Wọ́n ní kó gbẹ́ ìyá àgbà kan tó máa wà nínú ìtàn náà. Ojú ìyá mi ló gbẹ́. Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà. Tí a bá ti pè wọ́n lórí fóònù tí a ti ń rí ara wa, ọmọ yìí á mú ìwé, á máa yà wọ́n. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò kọjá kó kí wọn, ìyá mi náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wíwò ló wá kù tó lè máa wò wọ́n. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ lórí ìyẹn o. Nígbà tó wà ní kékeré, olùkọ́ rẹ̀ ló ní èdè méjì tí a ń sọ sí i ni kò jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀, pé ká fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú onílùú, ta ló máa bá olùkọ́ jiyàn? Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí.

Ilé ló ti ṣe iṣẹ́ náà, ìṣojú mi ni. Inú ZBrush, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère, ló ti gbẹ́ ojú ọ̀hún bí ẹní ń mọ amọ̀: ìpéǹpéjú òsì tó wálẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, etí tí yẹtí ti fà gùn, ìlà ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó máa ń jìn sí i tí ìyá mi bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ère náà ní polygon, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di ère, tó lé ní mílíọ̀nù, ẹ̀rọ ò sì lè gbé ìyẹn tí géèmù bá ń lọ, ó wá tún un kọ́ títí ó fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún péré. Mo ní ṣé kì í ṣe pé ó ti pa gbogbo ìlà yẹn rẹ́. Ó ní rárá, òun ti tẹ̀ wọ́n sínú àwòrán tí wọ́n ń pè ní normal map, òun ni wọ́n máa fi bo ojú náà, ìlà á sì hàn padà.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn, wọ́n pe gbogbo wọn sí ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní géèmù náà ò ní jáde mọ́, àti pé iṣẹ́ parí. Ìpàdé ò tíì tú tán tí password rẹ̀ ò fi ṣí nǹkan kan mọ́. Ó kọ̀wé sí wọn pé ojú yẹn nìkan lòun fẹ́, wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò ṣeé ṣe, kò sì gbọdọ̀ fi hàn ẹnikẹ́ni. Wọn ò rúfin. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí òṣìṣẹ́ bá yà lẹ́nu iṣẹ́, ti agbanisíṣẹ́ ni. Bí géèmù kò bá jáde, ayàwòrán lè má ní ohun tó máa fi hàn. Tí wọ́n bá bi ọmọ mi níbi tó ti ń wáṣẹ́ pé kí ló ṣe láwọn ọdún yẹn, ẹnu lásán ló ní.

Ó ti ríṣẹ́ míì. Òkúta, igi àti ilé ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ń ṣe àyíká máa ń tètè ríṣẹ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kó ya ojú èèyàn láti ìgbà náà, kódà tó bá wà nílé. Mi ò sì mọ bí mo ṣe lè bi í ní èdè tó máa wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ má rò pé òun nìkan ni. Ní October 2023 ni Microsoft ra Activision Blizzard, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan, tán. Ní January 2024, wọ́n ní àwọn máa dá èèyàn 1,900 dúró lẹ́ka géèmù. Sony tó ni PlayStation tẹ̀ lé e ní February, nǹkan bí 900. AI, ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán yà, náà tún dé, àwọn concept artist lẹ̀rù ń bà jù.

Ní ti ohun tí Ayọ̀ lè ṣe báyìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ láìsanwó. Ọ̀fẹ́ ni Blender tí wọ́n fi ń gbẹ́ nǹkan ní 3D. Unreal àti Unity tí wọ́n fi ń ṣe géèmù náà, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Portfolio, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ téèyàn ti ṣe, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, sáátífíkéètì ń tẹ̀ lé e ni. Tí ẹ bá sì fẹ́ yan ilé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó jáde níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ọjọ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí amòfin kà á fún un, torí ìwé míì wà tó ń gba ohun téèyàn yà nínú yàrá ara rẹ̀ lóru. Ohun tó bá jẹ́ tara rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà tara rẹ̀ ni kó ti ṣe é, kó tó dé ilé-iṣẹ́ kankan. Tó bá sì wù ú láti ya ojú àwọn òbí yín, kó tètè yà á báyìí.

Ọmọ mi ti gbà láti wo iṣẹ́ Ayọ̀. Ó ní kó fi mẹ́ta tó ti parí ránṣẹ́, kó má fi èyí tó wà lójú ọ̀nà kún un. Kí bàbá Ayọ̀ náà pè mí lópin ọ̀sẹ̀ tó bá ráyè.